Bàọ́lọ́jì Àkọ́sórí: Ta Ni À Ń Tàn Jẹ?

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò ní dùn létí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Bí ó bá korò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e mì bí ẹni gbé àgbo mì. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní bàọ́lọ́jì, èyíinì ni ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa.

Ẹ pe ọmọ kan tí ó wà ní SS2, kí ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní ọ́símósìsì. Yóò nàró gangan, yóò sì ka ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìsinmi, bí ìgbà tí ayékòótọ́ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá bi í pé kí ló dé tí ẹ̀fọ́ tútù tí ìyá rẹ̀ bu iyọ̀ sí fi ń sun omi, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò da omi sí i. Yóò máa wò yín sùn-ùn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni ìbéèrè méjèèjì. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, wọn kò fi ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí hàn án. Àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Bí nǹkan ṣe rí

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, láti SS1 títí dé àárín SS3, ọwọ́ ọmọ kì í kan ohun ẹlẹ́mìí kan tí a lè pè ní ẹ̀kọ́. Olùkọ́ yóò kọ̀wé sójú pátákó, ọmọ yóò dà á kọ. Yàrá tí wọ́n ń pè ní láàbù wà ní títì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ọ̀gá, eruku sì ti bo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó bá wá ku díẹ̀ kí ìdánwò wọlé, WAEC yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n pèsè àwọn ohun kan sílẹ̀ fún ìdánwò àfọwọ́ṣe, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní práktíkà. Ìgbà yẹn ni eré àsápajúdé yóò bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò máa lé alángbá kiri ẹ̀yìnkùlé, wọn yóò máa wá tata nínú igbó, wọn yóò sì gbé owó lé àwọn òbí lórí. Ohun tí ọmọ kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kí ó mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn aláìbẹ̀rù Ọlọ́run kan yóò sì fi ìwé náà ṣe òwò: wọn yóò méfò ohun tí ìbéèrè yóò jẹ́, wọn yóò kọ ìdáhùn sínú ìwé pélébé, wọn yóò tà á fún ọmọ. Òbí tí ó fún ọmọ lówó láti ra ìwé bẹ́ẹ̀, olè ló fi owó rẹ̀ kọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí à ń pàdánù. Nínú ìdánwò bàọ́lọ́jì ti WAEC, ìdáhùn yíyàn gba máàkì 50, ìbéèrè alálàyé gba 70, àfọwọ́ṣe gba 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Ìdá méjì nínú márùn-ún ni ti àfọwọ́ṣe, òun ló sì tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ti láàbù pa ti yọ 80 nínú 200 sọnù kí ọmọ tó mú kálàmù rárá. Bí èsì bá wá burú, wọn yóò ní àwọn ọmọ òde òní kò fẹ́ràn ìwé. Ta ló yẹ kí á bá wí?

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ òfin rẹ̀ lórí: pẹ́ńsù ni kí o lò, má fi pẹ́ńsù kun inú rẹ̀ dúdú, kí ìlà tí o fi tọ́ka sí orúkọ ẹ̀yà ara má gba orí ara wọn kọjá, kí o sọ iye ìgbà tí àwòrán rẹ fi tóbi ju ohun náà lọ. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ṣáájú gbogbo wọn ni pé kí o ya ohun tí ó wà níwájú rẹ. Wọn yóò gbé tata tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán síwájú ọmọ, ọmọ yóò ya tata ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà pípé. Inú ìwé ló ti há a sórí. Òmíràn tilẹ̀ wà tí yóò ya aáyán, nítorí aáyán ni ó há sórí kí ó tó kúrò nílé. Ojú rẹ̀ kò fọ́, àmọ́ wọn kò kọ́ ọ láti gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́.

Àdánù tó ju ti máàkì lọ

Ká tilẹ̀ fi ti ìdánwò sílẹ̀. Ní ọdún 1897, Ronald Ross, dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, la ikùn ẹ̀fọn, ó sì rí kòkòrò ibà nínú rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkópù. Ní 1902 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Síbẹ̀, ẹ bi ọmọ tí ó gba A nínú bàọ́lọ́jì pé kí ló fa ibà tí ó dá a dúbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yóò ní oòrùn ni, tàbí epo pupa tí òun jẹ ní àjẹjù. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ni ó kọ sínú ìwé ìdánwò! Ìmọ̀ méjì ló wà nínú orí kan ṣoṣo: ọ̀kan fún WAEC, ọ̀kan fún ilé. Èyí tí ó wà fún ilé ni yóò fi tọ́ ọmọ tirẹ̀ lọ́la.

Kí ló fà á? Ọmọ yìí ti rí tanwíjí tí ń jó nínú àmù àti nínú táyà àlòpatì lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́ kí ó jókòó tì í títí yóò fi di ẹ̀fọn lójú rẹ̀. Kí ni ó ná wa láti ṣe é? Ẹ bu omi tí ó ní tanwíjí sínú ìgò funfun, kí ẹ fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Kí ọmọ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Yóò rí i pé ó ń gòkè wá mí. Yóò rí i tí yóò ká kò, tí kò ní jẹun mọ́. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò rí ẹ̀fọn tí yóò bọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú awọ, tí yóò sì dúró lórí omi. Kí ó tún wo bí tanwíjí ṣe ń dúró: èyí tí ó bá na ara rẹ̀ gbalaja lójú omi ni ìran ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri, èyí tí ó bá sorí kodò jẹ́ ìran mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí àwọ̀n náà o. Bí ẹ̀kọ́ bá sì ti yé ọmọ, kí wọ́n da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tí yóò tún ní láti pàrọwà fún un kí ó tó da omi inú táyà nù.

Àwọn àwáwí

Bí a bá sọ èyí, àwáwí kìíní tí a ó gbọ́ ni pé kò sí ohun èlò, ìjọba kò ra nǹkan kan. A kò sọ pé irọ́ ni. Ìjọba jẹ gbèsè, a sì gbọ́dọ̀ máa bèèrè. Ọmọ kò lè rí ohun tí ojú lásán kò lè rí láìsí máíkírósíkópù, kò sí iṣu tàbí ẹ̀wà tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ni ó nílò máíkírósíkópù? Èyí tí ó pọ̀ jù, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹ gé iṣu tútù sí ọ̀nà méjì, kí ẹ bó o, kí ẹ gbẹ́ inú wọn bí ife. Ẹ se ọ̀kan, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ ní tútù. Ẹ bu omi iyọ̀ sínú àwọn méjèèjì níwọ̀nba kan náà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ibi tí ó dé, kí ẹ sì gbé wọn kalẹ̀ sínú àwo omi lásán tí kò ga dé ẹnu wọn. Bí ó bá di wákàtí díẹ̀, omi inú iṣu tútù yóò ti gòkè kọjá àmì, ti iṣu sísè kò ní gòkè. Kí olùkọ́ wá béèrè pé kí ni iná ṣe fún iṣu kejì tí kò fi lè fa omi mọ́. Ọ́símósìsì nìyẹn. Ọmọ tí ó bá rí i kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣàlàyé ẹ̀fọ́ oníyọ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ẹ ra àyódíìnì ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, kí ẹ kán díẹ̀ sórí ẹ̀bà, sórí ẹ̀kọ, sórí iṣu. Yóò dúdú bí aró. Ẹ kán an sórí funfun ẹyin tí a sè, kò ní dúdú. Ọmọ ti mọ oúnjẹ tí ó ní sítáàṣì àti èyí tí kò ní. (Kí wọ́n da èyí tí wọ́n kán àyódíìnì sí nù, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́.) Ẹ ki òwú tútù sínú ìgò, kí ẹ fi ẹ̀wà àti àgbàdo há ààrin òwú àti ìgò. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan, gbòǹgbò yóò yọ. Ẹ dá ìgò náà dùbúlẹ̀, gbòǹgbò yóò tún wá ìsàlẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbìn wọ́n sínú ilẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀wà gbé abala rẹ̀ méjèèjì jáde sókè, àgbàdo fi tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Kí àwọn ọmọ ka ìlùkìkì ọkàn wọn ní ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sáré yí pápá ká, kí wọ́n tún un kà. Èwo nínú ìwọ̀nyí ló ń dúró de ìjọba?

Àwáwí kejì ni ti àwọn tí wọ́n ní fóònù ti dé, pé ọmọ lè wo gbogbo rẹ̀ nínú fídíò. Fídíò dára fún ohun tí ọwọ́ wa kò lè tó, bí ẹja ìsàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n fídíò kì í kùnà. Ẹni tí ó ṣe é ti yọ gbogbo èyí tí ó bàjẹ́ kúrò. Ní ti iṣu wa yìí, ó lè jẹ́ pé ọmọ kan gbẹ́ tirẹ̀ jù, ó lu, omi sì jò. Ibi tí ó ti ń wá ìdí tí tirẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ta ni ó ti kọ́ odò wíwẹ̀ nínú fóònù rí?

Àwáwí kẹta ti inú ilé wá. Àwọn òbí kan ní eré ìdọ̀tí ni, àwọn mìíràn ní kò yẹ kí á máa pa ẹranko láìnídìí. Ọ̀rọ̀ ìkejì yìí wúwo, a kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ̀mí ẹranko kì í ṣe ohun ìṣeré. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ogójì pa ọ̀pọ̀lọ́ ogójì nítorí àwòrán kan ṣoṣo, ìwà ìkà ni, kò sì pọn dandan. Alángbá ṣeé wò láàyè lórí ògiri: èwo ni akọ, èwo ni abo, ìgbà wo ni ó ń mi orí? Ọ̀pọ̀lọ́ ṣeé wò láti ìgbà tí ó wà nínú omi bí ẹja títí tí yóò fi yọ ẹsẹ̀, kí á sì tú u sílẹ̀.

Ní ti ẹran tí a fẹ́ là wò, ẹ jẹ́ kí a béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ara wa. Ní ọjọ́ Iléyá, ta ni kò ní láàbù lẹ́yìnkùlé? Ẹran tí a ti pa, tí a ó jẹ, tí a ó sì pín fún aládùúgbò, ìwé bàọ́lọ́jì ni. Kí ni àwọn ọmọ ń ṣe ní àkókò yẹn? Wọ́n ń gbé ọpọ́n, wọ́n ń lé eṣinṣin, bí wọ́n bá sì súnmọ́ ọn, wọn yóò ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n sí i! Kí àgbàlagbà mú ọ̀bẹ dání, kí ó la ọkàn àgbò náà, kí ọmọ fi ìka kan ògiri rẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Yóò mọ̀ pé ti òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ, nítorí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, tí ọ̀tún sì ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà nítòsí. Kí wọ́n ki ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ bọ ọ̀nà tí èémí ń gbà, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ̀dọ̀fóró yóò wú lójú wọn. Kí wọ́n la kíndìnrín gbọọrọ, kí wọ́n wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí inú rẹ̀. Kí wọ́n ka àpò mẹ́rin tí ó wà nínú ikùn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ, kí wọ́n wo koríko tí ó wà nínú èyí tí ó tóbi jù, bóyá ó ti kúnná tàbí kò tíì kúnná. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa, kí á fọ ẹran, kí á gbé e kaná. Kò sí ẹ̀mí kan tí ó ṣòfò. Kí ó má sì jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni yóò dúró ti àgbò, tí obìnrin yóò máa pọn omi. Ìdánwò kan náà ni WAEC yóò gbé síwájú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ èdè

Nǹkan kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ọmọ rí ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀: èdè tí kò tíì gbọ́ yé. Ní ọdún 1970, ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹlẹgbẹ́ wọn, títí kan inú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fafunwa di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì jáde láyé ní 2010, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ kò kú.

A mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò fi béèrè, ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí ìwé fún nǹkan. Àmọ́ kí olùkọ́ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ nǹkan náà. Tanwíjí, ẹ̀dọ̀fóró, òróòro, kíndìnrín, àpọ̀jẹ: àwọn baba wa ti sọ wọ́n lórúkọ kí bàọ́lọ́jì tó dé, nítorí pé wọ́n ti fojú rí wọn, wọ́n sì ti fọwọ́ kàn wọ́n. Olùkọ́ tí ó bá fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó pe tanwíjí ní tanwíjí nínú kíláàsì ti pa ẹnu tí ì bá béèrè ìbéèrè mọ́ ọmọ lẹ́nu.

Ohun tí a ń fẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́, a mọ̀ pé owó oṣù kò tó, kíláàsì sì kún fọ́fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a bẹ̀ yín fún. Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ gbogbo ọmọ yóò kàn, láti SS1, láìdúró de ìwé WAEC. Èyí tí ó bá la iná tàbí oògùn lọ, bíi sísè ewé nínú sípírítì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá a ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ ṣí láàbù. Owó práktíkà tí ẹ bá gbà, ẹ fi ohun tí ẹ fi rà han àwọn òbí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ má bi í ní ipò kelòó ló ṣe nìkan. Ẹ bi í pé, "Kí ni ọwọ́ rẹ kàn lónìí?" Bí ó bá ní kò sí, tí ó tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín dé ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá fẹ́ fi ìgò ẹ̀wà sójú fèrèsé, ẹ má jù ú nù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù kan ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ má kọ ohun tí ó yẹ kí ẹ rí.

Àwa ẹgbẹ́ náà sì ní iṣẹ́ tiwa. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń ṣe ẹ̀kọ́ ìsinmi fún àwọn ọmọ, kí wọ́n ya tábìlì kan sọ́tọ̀ fún bàọ́lọ́jì àfọwọ́ṣe. Iṣu, ẹ̀wà, ìgò, àyódíìnì, kò sí èyí tí owó ẹgbẹ́ kò ká nínú wọn. Iléyá sì ń bọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹni kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ó pe àwọn ọmọ jọ sídìí àgbò kan, kí ó la ọkàn rẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní, kí Ó má jẹ́ kí á fi àkọ́sórí tan ara wa jẹ. Àmín.